Ìwé Pílánù Parí Síbi Fẹ́ńsì

Ọjọ́ Ajé kan ni, nínú oṣù Kẹfà, òjò ti fi gbogbo òru rọ̀. Nǹkan bí agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, mo dúró sẹ́nu géètì wa, pákò ń bẹ lẹ́nu mi, ni mo bá rí Ìyá tó ń gbé ní ojúlé kẹta sí tiwa tí wọ́n ń bọ̀. Ìyá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹnu iṣẹ́ rélùwéè ni ọkọ wọn tó ti di olóògbé ti fẹ̀yìntì, ìgbà tí wọ́n sì ti kó wá sí àdúgbò yìí, èmi ò tíì dáyé. Wọ́n gbé báàgì kékeré kọ́ apá, ọ̀pá wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Agége ni wọ́n ń lọ, lọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n sì fẹ́ lọ wọ̀ ní Yábàá.

Wọ́n rìn dé iwájú ilé fúláàtì tuntun, ilé alájà márùn-ún tó fara ti ilé wọn. Ibẹ̀ ni ibi tí èèyàn ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ti tán. Kọnkéré tí wọ́n dà láti ẹnu géètì ilé náà bo gọ́tà mọ́lẹ̀, ó sì dà gẹ̀rẹ́ wọ ojú títì bí òrùlé. Ó ga tó orúnkún lápá òkè. Òjò ti sọ ọ́ di ibi yíyọ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta àwọn ará ilé náà tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fẹ́ńsì. Ìyá fi ọ̀pá kan kọnkéré náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wò ó, wọ́n wá sọ̀ kalẹ̀ sójú títì. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ọmọ tó ń wà á tẹ búrèékì, kẹ̀kẹ́ yọ̀ nínú omi, ariwo rẹ̀ ni Ìyá gbọ́ tí wọ́n fi yà bàrá, wọ́n bá ṣubú lu bọ́ńpà ọkọ̀ tó wà nílẹ̀.

Mo sáré débẹ̀. “Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ pẹ̀lẹ́ mà.”

“Ọrùn ọwọ́ mi ni, ọmọ mi. Má fà á.”

Egungun ti kán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọwọ́ náà fi wà nínú POP, wọn ò sì rí ọmọ tuntun náà títí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí títì wa sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni mo fi ń ya àwòrán, okùn ìwọ̀n bíríkìlà ni mo fi ń wọn nǹkan. Ohun tí mo rí nìyí.

Títì wa wà nítòsí Alágoméjì, níbi tí Yábàá àti Èbúté-Mẹ́ta ti wọ inú ara wọn. Àdúgbò yìí ò kàn ṣàdédé hù bí olú. Nígbà tí wọ́n lé àwọn òyìnbó oníwàásù kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1867, èyí tí àwọn Ẹ̀gbá ń pè ní Ìfọ́lé, ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì Ẹ̀gbá ló bá wọn wá sí Èkó. Gómìnà Glover fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta, wọ́n sì la títì níbẹ̀ ní ọ̀gbọọrọ, òmíràn dábùú òmíràn. Lẹ́yìn náà ni rélùwéè dé. Láti Ìdó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin ní 1896, ó dé Ìbàdàn ní 1901, iṣẹ́ tó sì wà ní ọgbà rélùwéè Èbúté-Mẹ́ta fa èrò wá láti ibi gbogbo. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìjọba amúnisìn dá LEDB (Lagos Executive Development Board), ìgbìmọ̀ tó ń tún ìlú Èkó tò, sílẹ̀ ní 1928, pé kí wọ́n tún ìlú tó ti há gádígádí ṣe, Yábàá sì wà lára ibi tí wọ́n là fún àwọn èèyàn láti kó lọ.

Ìdí tí mo fi ń rojọ́ ayé àtijọ́ ni pé ẹlẹ́sẹ̀ ni gbogbo èrò ìgbà yẹn. Mélòó ló ní mọ́tò? Òṣìṣẹ́ rélùwéè ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà Òyìngbò, ọmọ wọn ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé. Ilé kò jìnnà sí títì, títì kò gùn jù kó tó pàdé òmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ já ọ̀nà gba ibòmíràn yóò já a. Wọ́n fi àdúgbò tó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn lé wa lọ́wọ́, àwa la wá ń bà á jẹ́ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá mẹ́wàá.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí owó ti ń wá ilẹ̀ ní agbègbè yìí. Ní 2011 ni Co-Creation Hub, ibùdó àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣílẹ̀kùn ní ojú ọ̀nà Herbert Macaulay, àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wá gbé. Ní oṣù Kẹjọ 2016, Mark Zuckerberg, olórí Facebook, wá sí Yábàá, ó sì fẹsẹ̀ rìn nígboro bí ará àdúgbò. Àwòrán ìrìn yẹn lọ káàkiri ayé. Ní oṣù Kẹfà 2021, ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson tó wà ní Alágoméjì níbí. Nígbà tó di 29 oṣù Kejì 2024, wọ́n ṣí Red Line, ọkọ̀ ojú irin ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tó ń lọ láti Agbádò dé Òyìngbò, Yábàá sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tó ti ń dúró. Oṣù Kẹwàá ọdún náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò.

Ẹ wá ro èyí pọ̀ mọ́ ọn. Láti 1 oṣù Kẹfà 2022 ni ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Mainland, tiwa nìyẹn. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, bí ojú ọ̀nà bá bàjẹ́, èèyàn á ju ẹsẹ̀ sórí ọ̀kadà. Ní báyìí, Márúwá kì í wọ gbogbo títì. Ẹsẹ̀ wa ló kù. Rélùwéè ti dé sẹ́nu ọ̀nà wa, ọ̀kadà ti lọ, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó wà láàárín ilé àti ojú irin ló wá di ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìrìn-àjò. Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wa ń já.

Ilé tó wà níbi tí fúláàtì yẹn wà báyìí, kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ ni. Yàrá mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì, pásẹ́ẹ̀jì láàárín, balùwẹ̀ kan àti ṣáláńgá kan lẹ́yìnkùlé fún gbogbo wọn. Mo mọ inú ilé náà dáadáa, èmi ò sì ní parọ́ mọ́ ọn pé ó dára. Ògiri rẹ̀ ti ń ṣí, páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Lálẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 2022, nígbà tí ilé alájà mẹ́ta kan wó lulẹ̀ ní Ibadan Street ní Èbúté-Mẹ́ta níbí tí ẹ̀mí sì ṣòfò, kò sí àgbàlagbà tó ń gbé inú ilé àtijọ́ ládùúgbò wa tó sùn ní òru ọjọ́ kejì. Ẹbí tó ni ilé náà wà lára àwọn tí ẹ̀rù bà. Wọn ò lówó àtikọ́ òmíràn. Dẹfẹ́lọ́pà kan, ẹni tó ń kọ́lé tà, wá bá wọn: ẹ mú ilẹ̀ wá, èmi á mú owó wá, bí a bá kọ́ ọ tán, ẹ ó ní fúláàtì mẹ́rin, èmi á ta mẹ́jọ. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é káàkiri Yábàá, Èbúté-Mẹ́ta àti Sùúrùlérè. Ẹbí gbà, mo sì bá wọn yọ̀. Ìkan nínú àwọn ọmọ wọn sọ fún mi pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun á ní ilé ìwẹ̀ tí òun nìkan ń lò.

Nítorí náà, kì í ṣe fúláàtì ni mo ń bá jà. Èèyàn méjìlá tó ń gbé nítòsí rélùwéè sàn ju kí méjìlá máa gbé ní Ìkòròdú kí wọ́n sì máa fi wákàtí mẹ́ta wọ ìgboro. Ohun tó ká mi lára ni ibi tóóró tó wà láàárín fẹ́ńsì ilé yẹn àti ọ̀dà títì.

Níwájú ilé àtijọ́, bí ó ṣe rí nìyí. Gọ́tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, pákó kọnkéré bò ó láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, déédéé pẹ̀lú ilẹ̀. Lẹ́yìn gọ́tà ni ilẹ̀ tó tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, kó tó kan fàráńdà. Kò ní fẹ́ńsì. Lórí fàráńdà, ìyá oníbúrẹ́dì wà ní apá kan, ẹni tó ń ṣe rédíò àti fóònù wà ní apá kejì, bàbá àgbà kan sì wà láàárín tó máa ń fi àga rẹ̀ gbé ẹ̀yìn sí ògiri láti àárọ̀ dalẹ́. Ta ló fẹ́ já fóònù gbà lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé lójú bàbá yẹn? Gbogbo wa ló mọ̀ pé bó bá ti di agogo mẹ́sàn-án alẹ́, àtùpà ìyá oníbúrẹ́dì ṣì ń jó.

Tipà ló kọ́kọ́ fọ́ pákó gọ́tà. Fún ọdún méjì, wọ́n ń já yanrìn àti gáránátì sójú títì, bí táyà bá ti gorí pákó kan ni yóò pín sí méjì. A rò pé wọ́n á tún un ṣe bí iṣẹ́ bá parí. Nígbà tó parí, fẹ́ńsì ló kọ́kọ́ yọ: ó ga ju orí èèyàn lọ, wáyà ẹlẹ́gùn-ún wà lókè rẹ̀, gọ́tà gan-an ló fi ẹsẹ̀ tì. Wọ́n ti kún ilẹ̀ inú ọgbà ga kí àgbàrá má baà wọ ilé, ìyẹn ni ẹnu géètì fi ga ju títì lọ, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi da kọnkéré gẹ̀rẹ́ yẹn. Wọ́n gbé ilé gáàdì àti táńkì omi sínú ọgbà, àyè mọ́tò sì ku mẹ́fà fún fúláàtì méjìlá. Níbo ni àwọn yòókù á gbé ọkọ̀ sí? Orí ibi tí à ń gbà kọjá.

Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé kọnkéré ẹnu géètì ni olórí ìṣòro náà. Ẹlẹ́sẹ̀ ò lè gun orí rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ bọ́ sójú títì. Omi gọ́tà ò sì ráyè kọjá lábẹ́ rẹ̀. Páìpù kan ni wọ́n fi sí i, kò tó nǹkan, ọ̀rá àti ike pọ́wọ̀tà á dí i pa, kò sì sí ọwọ́ tó lè wọ abẹ́ kọnkéré tó gùn tó bẹ́ẹ̀ láti kó o. Bí òjò bá rọ̀, omi á gba ojú títì. Omi tó bá gba ojú títì ní ọdún méjì á jẹ ọ̀dà, ihò á yọ. Mọ́tò tó bá ń yẹ ihò sílẹ̀ á sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ sá sí. Ẹ̀yin ẹ wo bí kọnkéré kan ṣoṣo ṣe di ìyọnu fún gbogbo títì.

Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan ló wà. Lọ́jọ́ tí mo kà á, láti ẹnu ilé wa dé ibi tí títì wa ti kan Herbert Macaulay, géètì mọ́kànlá ló dà kọnkéré wọ ojú ọ̀nà, kò sì sí méjì tí gíga wọn dọ́gba. Àwọn ilé àtijọ́ méjì wà nínú wọn tí wọ́n rí ti àwọn tuntun tí wọ́n sì ṣe tiwọn. Ìwà yìí ń ràn.

Ìkejì ohun tí a pàdánù ni àwọn sọ́ọ̀bù. Ìyá oníbúrẹ́dì kó lọ sí Mákòókò. Onírédíò, mi ò mọ ibi tó gbà. Ṣáájú, bí iyọ̀ bá tán nígbà tí ọbẹ̀ wà lórí iná, ọmọdé á sáré lọ rà á kí ọbẹ̀ tó hó. Ní báyìí, ó di ojú ọ̀nà ńlá. Àwọn tó ń gbé inú fúláàtì máa ń fi fóònù pè é kí wọ́n gbé e wá fún wọn, ọlọ́kọ̀ tó gbé e wá á sì tún dúró sórí gọ́tà. Títì tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ fẹ́ńsì, ojú ò sí níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń gbé fúláàtì náà gan-an, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, sọ fún mi pé rélùwéè ló mú kí òun ra ilé níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí òun bá ti dé Yábàá lálẹ́, ọkọ̀ ni òun ń pè, nítorí ìrìn yẹn ń ba òun lẹ́rù. Ó san owó ilé nítorí ojú irin, ó tún ń san owó ọkọ̀ nítorí fẹ́ńsì.

Lẹ́yìn ìṣubú Ìyá, mo lọ bá Alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa. Ẹni tó ti fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n, wọn kì í tètè bínú. Wọ́n pe dẹfẹ́lọ́pà náà, wọ́n sì pe àwọn tó ra fúláàtì. Ọkùnrin náà wá, ó wọ̀ṣọ dáadáa, ó kí gbogbo wa bó ti yẹ.

“Bàbá, ẹ dákun,” ló wí. “Mi ò ṣe ohunkóhun tí kò sí nínú pílánù tí wọ́n fọwọ́ sí.”

“Ó dára bẹ́ẹ̀,” Alága dáhùn. “Ẹ bá wa mú pílánù ọ̀hún wá, ká jọ wò ó.”

Ó ní i nínú ọkọ̀. A tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀sán ganrínganrín. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Gbogbo fúláàtì, gbogbo àtẹ̀gùn, ibi tí omi ń gbà, ibi tí sọ́kàwéè wà, àyè tí òfin ní kí ilé fi sílẹ̀ láàárín ara rẹ̀ àti fẹ́ńsì, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n. Ìlà dúdú kan tó nípọn ni fẹ́ńsì. Lẹ́yìn ìlà náà, wọ́n kọ “ROAD”, ó tán. Kò sí gọ́tà, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ á gbà, kò sí bí ẹnu géètì á ṣe sọ̀ kalẹ̀. Funfun gbalaja ni. Alága fi ìka wọn lé ibi funfun náà, wọ́n ní: “Ibí yìí ni ìyàwó Olóògbé ti ṣubú.”

Kò sẹ́ni tó fọhùn.

Ọkùnrin náà ò parọ́, òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ilé iṣẹ́ tó ń fọwọ́ sí pílánù, LASPPPA, ohun tó wà nínú ọgbà ló ń yẹ̀ wò jù lọ. LASBCA, ilé iṣẹ́ tó ń mójú tó ilé kíkọ́, ń wò ó bóyá ilé á wó. Títì kéékèèké àti gọ́tà inú àdúgbò, ìjọba ìbílẹ̀ ni òfin ilẹ̀ wa ti 1999 gbé e lé lọ́wọ́, ó kọ ọ́ síbẹ̀ kedere. Ìpínlẹ̀ Èkó tilẹ̀ ti ní ìlànà tirẹ̀ láti 2018 fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn àti àwọn oníkẹ̀kẹ́. Ìwé gidi ni, ó gbé ẹlẹ́sẹ̀ ga. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wá dúró síwájú géètì kan, kó sọ fún onílé pé “dà á báyìí, má dà á báyẹn,” kí kọnkéré tó gbẹ. Ibi funfun yẹn, olúkúlùkù onílé ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún un.

Injiníà kan tó ń gbé títì kejì ló wá là wá lójú. Ó wọ inú ọgbà, ó wọ̀n ọ́n, ó ní ẹsẹ̀ bàtà ogún wà láàárín géètì àti ìdí ilé. Gíga orúnkún kan lásán ni a ní láti sọ̀ kalẹ̀. “Inú ọgbà ló yẹ kí gẹ̀rẹ́ náà wà,” ó ní. “Ẹnu géètì yẹ kó bá gọ́tà dọ́gba. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, pákó gọ́tà á tẹ́ kọjá níwájú ilé bí ó ti tẹ́ tẹ́lẹ̀, mọ́tò ni yóò máa gun òkè, kì í ṣe èèyàn.” Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé àyè mọ́tò kan á lọ.

Ìpàdé mẹ́ta ni àyè mọ́tò kan yẹn ná wa. Àwọn tó ra fúláàtì ní àwọn ti sanwó fún un, òótọ́ sì ni. Ẹnì kan ní kí Ìyá máa gba òdìkejì títì. Alága bi í pé, “Ṣé ẹ ti gba òdìkejì rí?” Wọ́n jọ jáde lọ wò ó. Tiransifọ́mà ló wà lódìkejì, ọgbà irin tó yí i ká dé etí ọ̀dà. Ẹni náà padà wọlé, ó jókòó, ó ní òun ti gbọ́. Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà ló yanjú rẹ̀ nígbẹ̀yìn: kò ní mọ́tò, ó sì ní àyè tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó rà nínú àwọn àkọ́kọ́. Ó ní kí wọ́n mú un, kí wọ́n dín owó ìtọ́jú ilé òun kù ní ìpààrọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, ó buwọ́ lù ú.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni iṣẹ́ náà. Dẹfẹ́lọ́pà san ìdajì, àwọn onífúláàtì san ìdá mẹ́rin, ẹgbẹ́ àdúgbò dáwó èyí tó kù. Wọ́n fi jákúhámà fọ́ kọnkéré gẹ̀rẹ́. Ohun tí a rí lábẹ́ rẹ̀! Ìgbá ike, bàtà, ìdọ̀tí tó ti di okúta, páìpù náà sì dí pátápátá. Wọ́n kó o tán, omi tó ti dúró lókè títì láti ọdún tó kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ lójú wa, àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń pariwo. Lẹ́yìn náà ni a da pákó tuntun: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní fífẹ̀, irin nínú rẹ̀, kó lè gbé mọ́tò. Injiníà fi ìwọ̀ irin méjì sí ara pákó kọ̀ọ̀kan kí ọkùnrin méjì lè máa ká a sókè tí wọ́n bá fẹ́ kó gọ́tà. Kí wọ́n tó lọ, ó ní kí n gba bàrò lọ́wọ́ bíríkìlà, kí n fi omi kún un, kí n sì tì í láti ẹnu ilé Ìyá kọjá géètì náà. Mo tì í. Omi ò dà.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ilé mìíràn bẹ̀rẹ̀ lókè títì, alájà mẹ́rin. Èyí la fi ọgbọ́n àkọ́kọ́ ṣe. Ìgbà tí wọ́n ṣì ń wa fáúndéṣọ̀n ni Alága ti lọ bá wọn, àwòrán tí Injiníà fi ọwọ́ yà wà lọ́wọ́ wọn, ojú ewé kan péré: gọ́tà, pákó, ẹnu géètì, ìwọ̀n wọn. Dẹfẹ́lọ́pà yẹn ò bá wa jiyàn. Ó ní bí òun bá ti mọ̀ kí òun tó kún ilẹ̀, kò ná òun ní nǹkan kan. A tún bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sọ́ọ̀bù méjì kékeré sí iwájú, kí fẹ́ńsì má baà gba gbogbo ojú títì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á rò ó. Ó ṣe ọ̀kan. Obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ tútù ló gbà á, ó sì ń tan iná síta títí di agogo mẹ́wàá.

Kọnkéré mẹ́wàá ló kù nínú mọ́kànlá. Onílé méjì ti gbà pé àwọn á fọ́ tiwọn lẹ́yìn òjò. Ọ̀kan ní kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún òun níwájú ilé òun, a sì ń wá ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì la fẹ́ gbà. A ti mú àwòrán Injiníà lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, pé kí wọ́n sọ ọ́ di ohun tí wọ́n á máa fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé ní àwọn títì kéékèèké. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa, wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiwa.

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, Ìyá tún jáde, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń mú ọ̀pá báyìí. Mo bá wọn rìn. Níwájú fúláàtì, wọ́n dúró, wọ́n fi ọ̀pá kan pákó tuntun náà lẹ́ẹ̀mejì, bí wọ́n ti ṣe lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì kọjá láìwo ilẹ̀ mọ́. A dé ibi géètì kẹrin, kọnkéré gẹ̀rẹ́ wà níbẹ̀. Mo bọ́ sójú títì, mo dúró sí ọ̀dọ̀ ibi tí ọkọ̀ ń gbà, Ìyá di apá mi mú, a yí i po, a tún gun òkè padà. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá la ṣe bẹ́ẹ̀ ká tó dé Herbert Macaulay. Ní ibùdókọ̀ ojú irin Yábàá, wọ́n ní kí n máa lọ, pé ọmọ àwọn á pàdé àwọn ní Agége. Kí ọkọ̀ tó dé, wọ́n bi mí nípa onílé tó kọ̀ yẹn, ọmọ ta ni. Mo sọ fún wọn.

“Mo mọ ìyá rẹ̀,” wọ́n wí. “Bí mo bá dé, máa mú mi lọ síbẹ̀.”